Páìpù Inú Omi Bàbá

Imú ni obìnrin aránṣọ kan kọ́kọ́ rí nígbà tó wọ ìsọ̀ ẹlẹ́ja. Imú ńlá, tó tẹ̀ pẹrẹsẹ mọ́ gíláàsì ẹja, tí ẹja aláwọ̀ ìyeyè kan sì ń rìn gbéregbère kọjá níwájú rẹ̀. Aránṣọ náà bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ni imú yọjú, omi ń ro tótó ní ìgbọ̀nwọ́ rẹ̀.

"Ẹ dúró ná. Mò ń wo bó ṣe ń mí ni."

Dúró-ná ni gbogbo oníbàárà ń pe ọkùnrin tó ń ta ẹja ọ̀ṣọ́ yìí. Kì í ta ẹja lọ́jọ́ tó bá dé. Inú gíláàsì kékeré ni yóò kọ́kọ́ fi í sí lọ́tọ̀, láìsí òkúta, láìsí yanrìn, àfi omi iyọ̀ àti ègé páìpù kan tí ẹja lè sá sí, títí yóò fi dá a lójú pé kò gbé àrùn wá.

"Oúnjẹ ẹja bàbá mi ni mo wá rà," ni aránṣọ wí. "Bàbá ti lọ, ẹja ló kù."

Oúnjẹ náà kò tíì tán tó fi padà wá. Ó tún padà wá.

"Ṣé ẹja lẹ ń bọ́ nílé," Dúró-ná bi í, "àbí ẹṣin?"

Nígbà tí ìfẹ́ wọ àárín wọn, tí Dúró-ná sì lọ kí ìyá aránṣọ nílé, ẹja búlúù kan ló gbé lọ fún un. Gíláàsì ńlá tí Bàbá fi sílẹ̀ wà ní pálọ̀, àga rẹ̀ sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gíláàsì náà; ẹnikẹ́ni kì í jókòó síbẹ̀. Baálé, ẹja aláwọ̀ ọsàn tó ti dàgbà, a máa jẹun lọ́wọ́ ìyá.

Dúró-ná gbé gíláàsì kékeré tí ẹja búlúù àti páìpù rẹ̀ wà nínú rẹ̀ kalẹ̀ sí yàrá ẹ̀yìn. "Mọ́mì, ẹ jọ̀ọ́, kó má tíì wọ omi Bàbá."

"Ṣé omi tiwa ló dọ̀tí?"

"Rárá o, Mà. Ẹja tèmi ni mi ò tíì gbẹ́kẹ̀ lé."

Kò pẹ́ kò jìnnà, àmì funfun bo Baálé lára, bí ẹni bu iyọ̀ sí i. Ẹja búlúù ń lúwẹ̀ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú gíláàsì ńlá.

Dúró-ná sáré dé. Ó wo inú omi, ó ti ọwọ́ bọ̀ ọ́, ó yọ nǹkan kan, ó sì yára kì í bọ àpò.

"Kí lo mú yẹn?" aránṣọ bi í. "Ìwọ lo gbé ẹja búlúù síbẹ̀?"

Ìyá ń wo àjà. Dúró-ná yíjú sí ìyá. "Ẹja tí mo gbé wá ló láàrùn. Ẹ má bínú."

"Bí Baálé bá kú, má wá síbí mọ́!" aránṣọ jágbe mọ́ ọn.

Dúró-ná kó gbogbo ẹja sínú omi oògùn, ó fi gíláàsì ńlá sílẹ̀ lófìfo, kí ebi lè pa kòkòrò àrùn tó wà nínú rẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń wá. Ọ̀rọ̀ náà kò yé aránṣọ. Ẹni tí kì í kánjú, báwo ló ṣe kánjú? Kí ló tún kì bọ àpò? Ó ń bínú sí i, etí rẹ̀ sì ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Lọ́jọ́ kan, apá ló rán sí ojú ọrùn aṣọ.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí Baálé tún jẹun, níṣojú aránṣọ àti Dúró-ná, ìyá bẹjú wo ẹja búlúù ní igun gíláàsì tirẹ̀.

"Èyí ò ríbi sá sí. Páìpù rẹ̀ ńkọ́? Òun àti páìpù ni mo jọ gbé sómi Bàbá, torí ó kọ̀ láti jáde nínú rẹ̀..."

Ó fọwọ́ bo ẹnu. Ọ̀rọ̀ ti bọ́.

"Mọ́mì!"

"Àánú rẹ̀ ló ṣe mí," ìyá wí jẹ́jẹ́. "Ó dá wà. Èmi náà mọ bó ṣe ń rí."

Dúró-ná yọ páìpù jáde nínú àpò, ó rọra rì í sómi. Fìrí, ẹja ti wọ inú rẹ̀.

"O wá jẹ́ kí n máa bínú sí ẹ?" aránṣọ wí.

"Ṣé ìyá ẹni tí mo fẹ́ fẹ́ ni kí n wá rojọ́ mọ́?"

Ìyá fa àga ọkọ rẹ̀ síta fún Dúró-ná. "Jókòó."

"Mà, àga Bàbá nìyẹn."

"Ṣé èmi ni o fẹ́ sọ ẹni tó ni ín fún? Jókòó jàre."

Ó jókòó sí eteetí.

"Ìgbà wo làwọn ẹja máa padà sílé?" aránṣọ bi í.

"Ó kù díẹ̀. Ẹ dúró ná."

"Ìgbéyàwó wa ńkọ́?"

Ó la ẹnu. Aránṣọ fìka bò ó. "Tóo bá tún ní 'dúró ná', abẹ́rẹ́ ni n ó fi rán ẹnu yẹn pọ̀."

Dúró-ná fi ọwọ́ tútù rẹ̀ gbá ọwọ́ aránṣọ mú, kò sì jọ ẹni tó fẹ́ fi í sílẹ̀.