Ilà Dúdú Inú Àwòrán

"Kíá, ọ̀nà àfonífojì ńkọ́? Ṣé mo lè gba ibẹ̀?"

Bàbá rẹ̀ ló ń pè, ọkọ̀ akẹ́rù rẹ̀ ń kùn lábẹ́ ohùn rẹ̀. Kíá ni wọ́n ń pe ọmọbìnrin náà nílé, nítorí kì í fi iṣẹ́ falẹ̀.

Ọ́fíìsì ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ló jókòó sí. Awọnlẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n náà. Òjò ti rọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Àwòrán àfonífojì náà méjì wà lójú kọ̀ǹpútà, sátẹ́láìtì ló yà wọ́n láti òkè. Èyí aláwọ̀ dà bí fọ́tò: igi tútù, ọ̀nà tó mọ́ kedere. Èyí tí wọ́n fi rédà, ẹ̀rọ tí kì í fi ìmọ́lẹ̀ ríran, yà rí bí eérú, ilà dúdú fífẹ̀ kan sì gba àárín rẹ̀ kọjá.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti kìlọ̀ kó tó jáde: "Fi méjèèjì wéra. Wo déètì wọn. Má sọ nǹkan kan fún ẹnikẹ́ni kí n tó dé."

"Ọ̀nà dáa, Dádì," ni Kíá wí. "Wọ́n tilẹ̀ ti da ọ̀dà sí i. Mo ń rí i, ó dúdú."

"Ó dá ẹ lójú?"

"Ẹ̀yin náà! Ọ̀gá awọnlẹ̀ lẹ ń bá sọ̀rọ̀ o."

Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín. Ó pa fóònù.

Ìgbà náà ni Kíá tó wo déètì. Oṣù tó kọjá ni wọ́n ya èyí aláwọ̀, kí òjò tó dé. Àárọ̀ ọjọ́ náà ni wọ́n ya ti rédà. Ó rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kọ́ ọ: ìkùukùu kì í dí rédà lójú, ohun tó bá sì tẹ́jú dáadáa, dúdú ló máa ń hàn. Ọ̀dà ń hàn bẹ́ẹ̀. Omi náà ń hàn bẹ́ẹ̀. Kò sí ọ̀nà ọ̀dà tó fẹ̀ tó pápá bọ́ọ̀lù.

Omi ló bo ọ̀nà náà.

Ó mú fóònù. Ó gbé e sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò gbọ́. Kò ní jẹ́ kó fọwọ́ kan kọ̀ǹpútà mọ́. Bóyá omi náà kò jìn. Ó jókòó, ó ń wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún kọjá kó tó pè. Fóònù bàbá rẹ̀ kò lọ. Ó pè é títí, kò lọ.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wọlé. Ó wo ojú rẹ̀, ó wo àwòrán.

"Ta lo sọ fún?"

"Dádì."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ fa kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀ yọ. Ó sáré jáde.

Orí igi ni wọ́n ti gbé bàbá náà sọ̀ kalẹ̀. Omi ti gbé ọkọ̀ lọ. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́ níbi méjì. Dókítà ní òun kò mọ̀ bóyá yóò tún lè wakọ̀.

"Dádì, mo ti mọ̀ kí ẹ tó dé ibẹ̀," ni Kíá wí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Ẹ̀rù ló bà mí."

Bàbá rẹ̀ yíjú sí i.

"Mo dúró létí omi náà. Mo dúró pẹ́. Mo fẹ́ pè ẹ́ padà. Mo ní rárá, ó ti dá ọmọ mi lójú, omi náà kò ní jìn."

Ẹ̀yin ọmọ, àṣìṣe lè ṣẹlẹ̀ sí ẹnikẹ́ni tó ń wo àwòrán. Bí ẹ bá ti mọ̀ pé ẹ ti ṣàṣìṣe, ẹ sọ ọ́ lójú ẹsẹ̀. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ Kíá ló gbé bàbá rẹ̀ wọ inú omi.