Ohùn Tí Ìyá Fi Ń Pè É

Ìka ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà nínú etí, omi ń kán láti ìṣẹ́tí aṣọ rẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín. Bí Damang ṣe kọ́kọ́ rí Ridahun nìyẹn, lọ́jọ́ tí òjò ìlú Shillong, ní Íńdíà, lé e wọ ilé páánù tí òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti ń fi gìtá àti ìlù ṣeré rọ́ọ̀kì.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó pariwo, "ìgbà wo lorin yìí máa bẹ̀rẹ̀?"

"Ó ti tó ogún ìṣẹ́jú tá a ti bẹ̀rẹ̀!" Damang dáhùn.

"Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìgbà wo ló máa wá parí?"

Shanbor onílù rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. Ká sọ tòótọ́, orin wọn kò lórí, kò nídìí. Àwọn náà ló sì wù bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní orin tó bá ti ní lílé àti ègbè, orin ṣọ́ọ̀ṣì ni.

Bí òjò ṣe dá, ẹnìkan súfèé láti ìta. Ohùn náà gòkè, ó yí díẹ̀, ó sì balẹ̀ jẹ́jẹ́. Ridahun gbé apẹ̀rẹ̀ oyin tó ń tà.

"Ẹ̀gbọ́n mi ń pè mí."

"Pẹ̀lú súfèé?"

"Orúkọ mi ni. Màámi ló ṣe é fún mi nígbà tí wọ́n bí mi. Ní Kongthong, abúlé wa, kálukú ló ní tiẹ̀. Tó o bá fẹ́ gbọ́ orin tó mọ ibi tó ń lọ, wá kí wa."

Damang lọ kí wọn, ó lọ títí ọ̀nà fi mọ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ń pe Ridahun ní Oyin, òun náà ń pè é ní Aláriwo mi. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn débi pé wọn kì í mọ̀gbà tí ilẹ̀ ń ṣú. Ṣùgbọ́n Ridahun ni àbígbẹ̀yìn obìnrin, gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn, ilé ìyá rẹ̀ sì ni ọkọ rẹ̀ yóò wá gbé. Ìyá ń fojú ṣọ́ àlejò náà.

Ìfẹ́ yìí ló kó bá Damang. Ó fi súfèé orúkọ Ridahun ṣe ègbè, ẹgbẹ́ wọn sì ní orin tó lórí tó nídìí fún ìgbà àkọ́kọ́. Gbogbo pápá ìṣeré ló bá wọn súfèé rẹ̀. Damang rò pé òun bu iyì fún un ni.

Ridahun wá bá a lọ́jọ́ kẹta, ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo bojú wẹ̀yìn lọ́jà lánàá. Mo rò pé ará ilé mi ló ń súfèé pè mí. Ẹni tí mi ò mọ̀ rí ni, lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta."

"Oyin, mo fẹ́ fi yìn ẹ́ ni."

"Màámi ní báwọn bá pè mí báyìí, báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ̀ pé àwọn ni? Wọ́n ní kó o má dé ilé wa mọ́."

Ojú ti Damang gan-an. Ó ní kí wọ́n yọ ègbè náà kúrò.

"Orin wa kan ṣoṣo tí ayé gbà!" Shanbor figbe ta.

"A ti mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ṣe tiwa."

Oṣù méjì gbáko ni wọ́n fi ń tú ègbè tuntun ká, tí wọ́n ń tún un tò. Nígbà tí wọ́n padà sí pápá, àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí súfèé ti àtijọ́. Damang gbọ́wọ́ sókè.

"Ẹ jọ̀ọ́, orúkọ ọmọ ọlọ́mọ ni. Ẹ jẹ́ ká dá a padà fún ìyá tó ni ín."

Àwọn kan kùn, àwọn mìíràn bínú lọ, ṣùgbọ́n súfèé dá. Wọ́n wá kọ orin tiwọn. Ẹ̀gbọ́n Ridahun wà láàárín èrò, òun ló gbé ìròyìn délé.

Ìyá ránṣẹ́ pe Damang. Ó fún un ní kwai, èso kan bí obì, jẹ bí wọ́n ṣe ń fún àlejò, kò rẹ́rìn-ín sí i.

"Bá Ridahun ṣẹ́gi wá látinú igbó."

Igi kò tíì pọ̀ lọ́wọ́ wọn tí ohùn ìyá fi dún láti òkè. Ti Ridahun ló kọ́kọ́ pè, ó sì dáhùn. Òmíràn tẹ̀ lé e, kúkúrú, tí Damang kò gbọ́ rí. Kò sẹ́ni tó jẹ́ ẹ. Ìyá tún un pè.

"Ta ni wọ́n ń pè?"

Ridahun ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín. "Aláriwo mi, kò sí orúkọ tí mi ò mọ̀ lábúlé wa. Ìyẹn ò sí níbẹ̀ kó o tó dé."

Damang gbé igi kalẹ̀. Ó súfèé náà padà sí ìyá láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò sì fi nǹkan kan kún un.