Owú Ràsáàkì Lórí Elvire Olóǹtẹ̀ Àkókò

Lórí àpáta kan lẹ́yìn ọjà Dassa ni Ràsáàkì ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin náà. Ó kó bàtà sọ́wọ́ òsì, ó na tẹlifóònù sókè lọ́wọ́ ọ̀tún, ó ń wá réseau, ìyẹn nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ràsáàkì tó gun àpáta náà láti pe oníbàárà gbàgbé ẹni tó fẹ́ pè.

"Ẹ jọ̀ọ́, ṣé réseau wà níbí?"

"Ibi tí mo dúró sí nìkan ni," ọmọbìnrin náà fèsì, ó ń rẹ́rìn-ín. "Tẹ́ ẹ bá fẹ́, ẹ sún mọ́ mi."

Ó sún mọ́ ọn. Títí dòní, kò tíì sún sẹ́yìn.

Elvire lorúkọ rẹ̀, ọmọ Bàbá Séverin, àgbẹ̀ oníṣu ní abúlé Tré. Ó wà lára àwọn tó ń kọ ìlànà òǹtẹ̀ àkókò: bí ẹni tó ń tà àti ẹni tó ń rà bá ti fẹnu kò lórí tẹlifóònù, ẹ̀rọ á lu wákàtí náà mọ́ àdéhùn wọn, kò sì sẹ́ni tó lè yí i padà mọ́. Wọ́n fẹ́ kí òǹtẹ̀ tí ẹ̀rọ kan bá lù jẹ́ èyí tí gbogbo ẹ̀rọ tó kù á gbà. Ràsáàkì mọ rírì ẹ̀, torí iṣu Glazoué ló ń tà sí Cotonou, àwọn oníbàárà rẹ̀ a sì máa búra pé àwọn ti rà á kó tó wọ́n.

Ó fẹ́ ọmọ náà débi pé oúnjẹ ò wù ú jẹ mọ́. Ṣùgbọ́n Mùsùlùmí ni, ilé Kátólíìkì sì nilé wọn. Ṣúgà lásán ló ń gbé lọ kí Bàbá Séverin, á sì padà wálé láì sọ ohun tó gbé e lọ.

Ibẹ̀ ni Wilfried ti yọjú, ẹlẹgbẹ́ Elvire lẹ́nu iṣẹ́, láti Cotonou. Ṣe ni Elvire ń sọ ṣáá: Wilfried sọ báyìí, Wilfried kọ tọ̀hún. Etí Ràsáàkì kún.

"Wilfried yìí ò níṣẹ́ míì ni?"

"Iṣẹ́ wa náà nìyẹn, chéri. Àbí ò ń jowú?"

"Èmi? Kí ni mo fẹ́ jowú ẹ̀ sí?"

Irọ́ gbuu. Owú ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á.

Láàárọ̀ Sátidé kan, ó gun alùpùpù lọ sí Tré. Lóko Bàbá Séverin, ó rí Wilfried tó ká ṣòkòtò dé orúnkún, tó ń kọ ebè. Lọ́dọ̀ tiwọn, ọkùnrin kì í kọ ebè sóko bàbá ọmọge láìjẹ́ pé ó fẹ́ fi í ṣaya.

Ràsáàkì ò kí ẹnikẹ́ni. Ó bọ́ ẹ̀wù, ó fa ọkọ́ kan yọ lábẹ́ igi káṣú, ó bẹ̀rẹ̀ sí kọ ebè bí ẹni tí wọ́n ń lé. Bí Wilfried bá kọ ọ̀kan, á kọ méjì sí ẹ̀gbẹ́ ẹ̀.

Elvire gbé omi dé. "Ràsáàkì, kí lò ń ṣe?"

"Bi ọkọ rẹ."

"Ọkọ mi wo?" Ó wo Wilfried, ó bú sẹ́rìn-ín. "Ó wá dán òǹtẹ̀ wa wò ni, ká fi ta iṣu Bàbá. Ó ní ojú ń ti òun láti máa wòran. Ará Cotonou ni, kò mọ ohun tó ń ṣe."

Wilfried gbójú sókè. "Ṣé ebè mi dáa?"

"Ó wọ́," Ràsáàkì dá a lóhùn.

Bàbá Séverin rẹ́rìn-ín. "Èmi mọ̀ pé kò mọ̀, àmọ́ ta ló ń lé ẹni tó fẹ́ báni kọ ebè? Ìwọ Ràsáàkì lo mọ̀. Ṣúgà rẹ ti kún ilé mi, mo sì ń retí ìgbà tí wàá mú ọkọ́."

Ràsáàkì dọ̀bálẹ̀ nínú ilẹ̀ tútù. "Bàbá, ọmọ yín ni mo fẹ́. Ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn ló ń bà mí lẹ́rù."

"Ó ń ba èmi náà lẹ́rù. Ṣùgbọ́n mo ti bi Elvire ẹni tó fẹ́, ìwọ ló dárúkọ. Kí ni mo tún fẹ́ sọ?"

Elvire bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó nu iyẹ̀pẹ̀ iwájú orí rẹ̀. "Owú lásán ló gbé ọ wá síbí, àbí?"

"Owú ló gbé mi dé. Kì í ṣe òun ló máa mú kí n dúró."

Elvire rọra gba ọkọ́ lọ́wọ́ Wilfried, ó ní kó lọ sinmi lábẹ́ igi, ó sì bẹ̀rẹ̀ ebè tó kàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ràsáàkì.