Àwọn Tó Ń Dọ̀bálẹ̀ Kí Bánjọ

Ọkùnrin kan wà ní Ìkẹ́rẹ́-Èkìtì tó fẹ́ràn ìkíni ju oúnjẹ lọ. Bánjọ ni orúkọ rẹ̀. Ó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ ìjọba, iwájú ló ń jókòó sí nínú ṣọ́ọ̀ṣì, àdúrà rẹ̀ sì máa ń gùn. Ẹni tó bá kọjá láìkí i ti bà á lọ́jọ́ jẹ́ nìyẹn.

Ṣèyí àbúrò rẹ̀, tó wà lókè òkun, ń kọ́ ilé kan sí ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀. Wọn kò tíì kan òrùlé rẹ̀. Bánjọ ló ń bá a mójú tó o. Àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan sọ ibẹ̀ di ibùjókòó. Wọ́n ń mu igbó, wọ́n ń já fóònù gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọbìnrin tó ń lọ pọnmi, wọ́n sì ń ju ìgò lu ẹni tó bá fọhùn.

Ṣùgbọ́n bí Bánjọ bá ti yọ, gbogbo wọn á dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Dádì wa! Ẹ kú àárọ̀ o, sà!" Orí Bánjọ á wú. Lójú tirẹ̀, ọmọ tó mọ̀ ọ́n dọ̀bálẹ̀ báyẹn ti gba ẹ̀kọ́ ilé, ó tán.

Adéfúnkẹ́, olùkọ́ tó ń gbé ní òdìkejì ọ̀nà, wá bẹ̀ ẹ́.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ sọ fún ọlọ́pàá. Ẹ̀yin lẹ̀ ń mójú tó ulé yìí, wọ́n á gbọ́ tiyín."

"Ọlọ́pàá kẹ̀? Lórí ọmọ ìlú wa? Fi wọ́n sílẹ̀, màá bá wọn sọ̀rọ̀."

Kò bá wọn sọ nǹkan kan.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Adéfúnkẹ́ ń bọ̀ láti ilé ìwé, ó bá wọn níbi tí wọ́n ti ń fa ọmọbìnrin kan wọ inú ilé náà. Ó figbe ta. Ọmọ náà ráyè sá lọ, ṣùgbọ́n ìgò ba Adéfúnkẹ́ lójú.

Bánjọ gbọ́ igbe náà. Ó ń jẹ iyán lọ́wọ́. Nígbà tí wọ́n wá ròyìn fún un, ó ní, "Háà," ó sì jẹ iyán náà tán. Kò dùn ún. Àyà rẹ̀ kú bí ẹsẹ̀ téèyàn jókòó lé.

Ó lọ kí i ní ọsíbítù. Dókítà ti ní ojú òsì kò ní ríran mọ́. Bí Adéfúnkẹ́ ṣe gbọ́ ohùn rẹ̀, ó ń wá bó ṣe máa kúnlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì. "Ẹ káàbọ̀, sà." Bánjọ wolẹ̀. Síbẹ̀, omijé kò wá.

Ó wọkọ̀ lọ sí Àgbàdo-Èkìtì, lọ bá Sunday, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti kékeré, tó ń dáko níbẹ̀.

"Sunday, n kò mọ nǹkan kan lára mọ́. Bóyá Ọlọ́run ti kọ̀ mí sílẹ̀."

"Ó ti pẹ́ tí ọkàn rẹ ti kú, Bánjọ. Ìyìn èèyàn lò ń jẹ, o wá ń pè é ní ìgbàgbọ́. Àmọ́ Jésù kò ní kí òkú kọ́kọ́ sunkún kóun tó jí i. Bá a sọ̀rọ̀ bó o ṣe rí yìí. Lẹ́yìn náà, gba àgọ́ ọlọ́pàá lọ. Ṣé o mọ àwọn ọmọ náà?"

"Mo mọ gbogbo wọn. Wọ́n ń kí mi."

Bánjọ dojú bolẹ̀ láàárín ebè. "Olúwa Jésù, ẹlẹ́ṣẹ̀ ni mí. Mo rí i, mo dákẹ́. Ṣàánú mi." Kò gbọ́ ohùn, kò rí ìmọ́lẹ̀. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ aṣọ rẹ̀ dànù, ó sì lọ sọ gbogbo rẹ̀ fún ọlọ́pàá, ó dárúkọ wọn.

"Bàbá, ṣé ó ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti mọ̀?"

"Ó ti pẹ́."

"Ẹ ò wá wí?"

Ibẹ̀ ni ẹkún ti gbọ̀n ọ́n. Ojú méjèèjì ló fi sun ún, Adéfúnkẹ́ kò sì ní ju ọ̀kan lọ mọ́.

Wọ́n mú àwọn ọmọ náà. Kò sẹ́ni tó ń dọ̀bálẹ̀ fún Bánjọ láàárọ̀ mọ́. Òun ló ń dọ̀bálẹ̀ báyìí, níwájú Ẹni tó rà á padà.

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí ńkọ́? Kí lò ń rí ládùúgbò rẹ tó o gbójú kúrò lára rẹ̀? Má sọ pé o kò tíì mọ̀ ọ́n lára. Jésù kú fún ọkàn tó ti kú pàápàá. Kúnlẹ̀ níbi tó o wà, kó o jẹ́wọ́ fún un lónìí. Lẹ́yìn náà, dìde, kó o lọ sọ ohun tó o rí, nígbà tí ojú aládùúgbò rẹ ṣì pé méjì.