Ẹ̀gbọ́n tí Evelyn Sẹ́

Evelyn Adétóyè jẹ́ igbákejì ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ girama kan ní Ọ̀fà. Láti kékeré ni ó ti wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ìjọ Áńgílíkà. Kì í mu ọtí, kì í purọ́ mọ́ni, láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ sì ti kú, kò wo ọkùnrin mìíràn lójú. Bí oníwàásù bá ń bá ẹlẹ́ṣẹ̀ wí, Evelyn a máa wẹ̀yìn wo ẹni tí ọ̀rọ̀ náà kàn.

Nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ méjèèjì daṣẹ́ sílẹ̀, Àdìkẹ́, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tí ń dáko ẹ̀gẹ́ ní Ojoku, ni ó yọ̀ǹda ọ̀kan nínú tirẹ̀. Ó ní, "Ọmú kan náà la jọ mu. Ẹ yọ ọ́ fún un."

Ara Evelyn yá. Ní ọjọ́ ìdúpẹ́, Àdìkẹ́ wọlé pẹ̀lú bàtà tí amọ̀ oko ṣì wà lára rẹ̀. Àlejò pàtàkì kan bi Evelyn pé, "Ta nìyẹn?" Ojú tì í. "Ẹnìkan tó máa ń bá wa ro oko ni," ó fèsì. Àdìkẹ́ gbọ́ ọ. Kò dúró jẹun, ó gun ọ̀kadà padà sí Ojoku. Evelyn kò lọ bẹ̀ ẹ́.

Ẹni tó bá gba kíndìnrín ẹlòmíràn yóò máa lo oògùn títí ayé, kí àwọn ọmọ-ogun ara rẹ̀ má baà gbógun ti kíndìnrín àlejò náà. Ṣùgbọ́n ọmọ-ogun tí a fi oògùn rọ lápá kò lè bá ọ̀tá mìíràn jà. Nítorí náà dókítà ní kí Evelyn máa wá fún àyẹ̀wò ọrùn ilé-ọmọ lọ́dọọdún.

Inú bí i. "Dókítà, àwọn tó ń sùn kiri ni kí ẹ lọ yẹ̀ wò!"

Dókítà ṣàlàyé pé kòkòrò àrùn tí ń ti ara ìbálòpọ̀ wá, tó sì ń fa jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ, wọ́pọ̀, pé ọ̀pọ̀ aya olóòótọ́ ló ní in láìmọ̀, ara wọn ló ń tẹ̀ ẹ́ rì. Evelyn kò gbọ́. Ọdún ń gorí ọdún, kò lọ.

Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dà lára rẹ̀, jẹjẹrẹ ti tàn láti ọrùn ilé-ọmọ dé àpò ìtọ̀. Dókítà kò lè wò ó lójú. "Mummy, ó ti kọjá iṣẹ́ abẹ. Bí a bá dín oògùn yín kù kí ara lè jà, kíndìnrín yẹn lè bàjẹ́. Bí a kò bá dín in kù, jẹjẹrẹ á máa sáré sí i."

Òórùn egbò jẹjẹrẹ náà kún yàrá rẹ̀. Ẹgbẹ́ akọrin kò wá mọ́. Hadassah nìkan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láti ilé-ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni, ló ń wá jókòó tì í.

"Hadassah, ta ni mo ṣẹ̀?"

"N kò ní sọ pé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ ló fa àìsàn yìí. Ọ̀pọ̀ ẹni rere ló ń ṣe. Ṣùgbọ́n o bi mí ní ta lo ṣẹ̀. Àdìkẹ́ ńkọ́?"

Evelyn kọjú sí ògiri. Ó bú sẹ́kún. "Jésù, mo ṣebí mo mọ́. Ẹ̀yà ara ẹ̀gbọ́n mi ló gbé mi ró, mo sì pè é ní alágbàṣe. Ṣàánú mi. N kò ní nǹkan kan tí mo lè fi bẹ̀ Ọ́."

Wọ́n ránṣẹ́ sí Ojoku, Àdìkẹ́ sì dé. Evelyn fẹ́ kúnlẹ̀, kò lè kúnlẹ̀. "Ẹ̀gbọ́n mi, mo sẹ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́."

"Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju abẹ lọ," Àdìkẹ́ wí. Ó ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó béèrè omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í nu egbò àbúrò rẹ̀.

Ìwòsàn kò dé. A kò ní tàn ọ́, ìwọ tí ń ka ìwé yìí. Kíndìnrín náà daṣẹ́ sílẹ̀, ìrora sì pọ̀. Ní òwúrọ̀ tí Evelyn kú, ó di ọwọ́ Àdìkẹ́ mú. "Ẹ̀rù ń bà mí," ó ní, "ṣùgbọ́n Jésù kò sẹ́ mi."

Ìwọ ńkọ́, ọ̀rẹ́? Bóyá o kì í mutí, o kì í jalè. Evelyn náà kì í ṣe é. Àyè díẹ̀ tó kù fún un ni ó fi ronú pìwà dà. Ta ló ṣèlérí irú àyè bẹ́ẹ̀ fún ọ? Má wẹ̀yìn wo ẹlòmíràn. Níbi tí o wà yìí, lónìí, sọ fún Jésù pé o kò mọ́, kí Ó wẹ̀ ọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀, nígbà tí orúnkún rẹ ṣì lè kanlẹ̀.