Aṣọ Pupa Tí Àsíyátù Fi Ara Rẹ̀ Wọ̀n

Obìnrin tó gbé búláńkẹ́ẹ̀tì pupa náà wá bá wa kò ní eruku lẹ́sẹ̀. Ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀yẹ́ ọdún 1957 ni, eruku ti bo gbogbo Kàbbà, ewé ọsàn ẹ̀yìnkùlé wa dà bí ìgbà tí wọ́n da èlùbọ́ lé e lórí. Ó ní òun fẹsẹ̀ rìn wá láti ọ̀nà Bùnù. Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Mo kàn rò ó lọ́kàn mi pé àwọn kan mọ ẹsẹ̀ í gbé ni.

Ẹ̀gbọ́n mi Àsíyátù ló jókòó ti òfì. Ilé ọkọ rẹ̀ ni a wà, èmi Bíllíkísù ń gbé pẹ̀lú rẹ̀, mo ń bá a ṣiṣẹ́. Ọmọ Bùnù ni ìyá wa, òun ló kọ́ wa ní híhun aṣọ pupa tí wọ́n fi ń sin àgbà lọ́hùn-ún. Àwa Mùsùlùmí, aṣọ funfun la fi ń sin òkú tiwa, ṣùgbọ́n ẹni tó bá fẹ́ pupa mọ ojú ilé wa. Inú búláńkẹ́ẹ̀tì ilé ìwòsàn la ti ń tú òwú rẹ̀, fọ́nrán kan lẹ́yìn èkejì, títí yóò fi tó hun.

Obìnrin náà ń sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. Iṣan kan ń sọ lọ́rùn rẹ̀ lábẹ́ etí ọ̀tún, ó ń lọ sókè, ó ń padà, n kò lè mójú kúrò níbẹ̀. Àsíyátù bi í léèrè bí ẹni tó ni aṣọ ṣe ga tó.

Ó ní, “Bí o ṣe rí yìí náà ló rí.”

Ìyá wa kìlọ̀ fún wa títí ó fi kú pé a kì í fi ara alààyè wọn aṣọ òkú. Igi kan wà tí a fi ń wọ̀n ọ́n. Lọ́jọ́ náà, nígbà tí a máa fa igi yọ, ikán ti jẹ ẹ́ kù díẹ̀. Kí n má purọ́, èmi ni mo sọ ọ́. Èmi ni mo ní kó fi ara rẹ̀ wọ̀n ọ́n, ta ló ń wò wá? Ó rẹ́rìn-ín, ó sì na òwú náà mọ́ra láti èjìká dé kókósẹ̀.

Kí oṣù yẹn tó parí, ẹsẹ̀ rẹ̀ wú. Bó bá fi ìka tẹ̀ ẹ́, ojú ibẹ̀ á jin, kò ní tètè padà. Lẹ́yìn náà ni ikùn rẹ̀ yọ. Ọdún mẹ́jọ ló ti lò nílé ọkọ láìrí ọmọ, nítorí náà kò sẹ́ni tó wádìí ọ̀rọ̀ wò. Láwọ̀yín ọkọ rẹ̀ kò mọ ibi tí yóò fi ayọ̀ rẹ̀ pamọ́ sí. Ìyá ọkọ rẹ̀, Ìyá Mọ́nsúrù, bẹ̀rẹ̀ sí í to aṣọ ìtẹ́dìí ọmọ jọ. Àsíyátù fúnra rẹ̀ a gbé ọwọ́ mi lé abẹ́ egungun ìhà rẹ̀ lápá ọ̀tún, pé kí n gbọ́ ọ. Nǹkan ń lù níbẹ̀ lóòótọ́. Inú mi dùn títí mo fi sunkún.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan, bó ti jókòó sídìí òfì, oòrùn bọ́ sí i lọ́rùn, mo rí iṣan náà. Abẹ́ etí ọ̀tún ló ti ń sọ, ó ń lọ sókè, ó ń padà. Ẹ̀rù bà mí gidigidi. Mo da Láwọ̀yín láàmú títí ó fi gbà kí n gbé ìyàwó rẹ̀ wọ lọ́rì lọ sí ilé ìwòsàn àwọn míṣọ́n kan, ní ìkọjá Odò-Ẹrẹ̀. A fi aṣọ náà sílẹ̀ lórí òfì. Kò ju ìbú àtẹ́lẹwọ́ kan lọ tó kù.

Òyìnbó ni dókítà, nọ́ọ̀sì Theresa, ọmọ Mopa, ló ń túmọ̀. Dókítà wo ọrùn Àsíyátù pẹ́, ó gbọ́ àyà rẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ lé ibi tó ń lù lábẹ́ ìhà. Ẹ̀dọ̀ ló ń lù bẹ́ẹ̀. Ó ní ọkàn èèyàn ní yàrá mẹ́rin àti àwọn ilẹ̀kùn tó ń darí ẹ̀jẹ̀. Ilẹ̀kùn aláwẹ́ mẹ́ta tó wà lápá ọ̀tún kò pa dé mọ́ fún Àsíyátù. Ẹ̀jẹ̀ tó yẹ kó máa lọ síwájú ń padà sẹ́yìn, ó ń ti iṣan ọrùn, ó ń wú ẹ̀dọ̀, omi rẹ̀ sì ń jò sí ikùn àti ẹsẹ̀.

Àsíyátù béèrè pé ọmọ ńkọ́.

Theresa kò wo ojú rẹ̀. “Omi ni, ẹ̀gbọ́n.”

Dókítà bi mí bóyá ọ̀nà ọ̀fun ti dùn ún rí ní kékeré, tí ibà àti oríkèé wíwú tẹ̀ lé e. Mo rántí. Ó tó ọmọ ọdún mẹ́wàá, orúnkún rẹ̀ wú, ìyá wa fi òrí pa á fún odidi oṣù kan. Dókítà ní ibà yẹn ló ba àwọn ilẹ̀kùn ọkàn rẹ̀ jẹ́. Kò sí ẹni tó lè tún un ṣe nílẹ̀ wa, ṣùgbọ́n abẹ́rẹ́ yóò mú un tọ omi náà dànù, kó sá ti jìnnà sí iyọ̀. Ẹrù kan bọ́ lára mi. Kì í ṣe aṣọ ló fà á. Kì í ṣe ẹnu mi.

Lọ́jọ́ kẹta, ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú ti ń fọn. Mo wá ṣàkíyèsí pé gbogbo bẹ́ẹ̀dì wọ́ọ̀dù náà ló ní búláńkẹ́ẹ̀tì pupa àfi tirẹ̀. Theresa ní obìnrin Bùnù kan, Ọmọ́ṣọlá, ló kú lórí bẹ́ẹ̀dì yẹn kí ọ̀yẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Ilẹ̀kùn kan náà ló pa á. Títí tó fi kú ló ń bẹ̀bẹ̀ fún aṣọ pupa, ṣùgbọ́n ará ilé rẹ̀ kò wá, ẹ̀yìn ilé ìwòsàn ni wọ́n sin ín sí. Ọjọ́ náà ni wọ́n wá búláńkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ tì.

Mo béèrè bí obìnrin náà ṣe rí.

Theresa nawọ́ sí ẹ̀gbọ́n mi. “Bí wọ́n ṣe rí yìí náà ló rí.”

Mo sọ fún Àsíyátù pé mo ń lọ sílé parí aṣọ náà, kí n lọ tẹ́ ẹ sórí ibojì oníǹkan, kí ó gba tirẹ̀ kó fi wá sílẹ̀. Ó di ọwọ́ mi mú.

“Má fọwọ́ kàn án. Iṣẹ́ mi ni, èmi ni n ó parí rẹ̀.”

Mo ní kó sinmi. Lọ́rì ìdájí ni mo wọ̀, òun nìkan ló ń lọ sí Kàbbà lọ́jọ́ náà.

Ọ̀sán ni mo délé. Òfì ti ṣófo, wọ́n ti gé etí òwú rẹ̀ dọ́gba bí ẹ̀gbọ́n mi ṣe máa ń gé e. Ìyá Mọ́nsúrù jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó kí mi ní okun, bí wọ́n ti ń kíni nílẹ̀ wa, ó ní kí ló dé tí èmi àti Àsíyátù kò jọ wọlé. Ó ní Àsíyátù ti wá, ó hun èyí tó kù, ó ká aṣọ rẹ̀ ó lọ. Ikùn rẹ̀ ti wálẹ̀, ìyá náà kò sì mọ bí yóò ṣe béèrè ọmọ. Obìnrin kan tí òun àti Àsíyátù jọ ga dọ́gba ló dúró dè é lójú ọ̀nà.

Mo bi í pé, “Ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ńkọ́, Ìyá?”

“Ó ti fọn pátápátá,” ó ní. “Kò tilẹ̀ ní eruku.”