Gbodo Lórí Sólà

"Hikmat, fọwọ́ kan dígí yìí! Ó gbóná ju àpáta lọ," ni Bàrákàt ọ̀rẹ́ rẹ̀ wí, ó ń fẹ́ atẹ́gùn sí ìka rẹ̀.

Orí òrùlé ilé tí àwọn sójà ń kó ìbọn sí nígbà ogun abẹ́lé ni àwọn méjèèjì wà, níhìn-ín ní Ọ̀fà. Mo mọ ilé náà dáadáa. Nígbà tí sójà kó lọ, ewúrẹ́ ló gbà á. Ìgbà tó yá ni wọ́n to sólà sí orí rẹ̀, wọ́n kó bátìrì sínú rẹ̀, torí ògiri rẹ̀ nípọn, inú rẹ̀ sì tutù. Iná ibẹ̀ ló ń fa omi ẹ̀rọ àdúgbò wa.

Hikmat, ọmọ ọmọ mi, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu rẹ̀. Mo ti bọ iṣu fún èlùbọ́, mo ní kó lọ sá gbodo náà sórí àpáta. Sólà ló rí lọ́nà.

"Bí oòrùn bá lè di iná níbí, ṣé gbodo ò ní tètè gbẹ? Jẹ́ ká bi Bùrọ̀dá Ṣẹ́gunfúnmi."

"Bi ta ni? Ṣebí á ní rárá ni."

Ẹnu géètì níwájú ni Ṣẹ́gunfúnmi, ọlọ́dẹ ibẹ̀, máa ń jókòó sí. Àwọn ọmọ yìí gba àtẹ̀gùn ẹ̀yìn. Wọ́n sá gbodo sórí dígí lọ́jọ́ náà, wọ́n tún sá a lọ́jọ́ kejì.

Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ kẹta, omi ò yọ. Bátìrì ti kú. Tọmọdé tàgbà tú jáde pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì.

"Ọlọ́dẹ ló ń fi iná wo bọ́ọ̀lù mọ́jú!" ni wọ́n ń pariwo.

"Alhaji, mo fi Ọlọ́run búra, n ò ní tẹlifíṣọ̀n," ni Ṣẹ́gunfúnmi ń wí.

Alhaji Sàláwù, olórí àdúgbò, ò gbọ́. "Kó ẹrù ẹ. Lónìí náà lò ń lọ."

Bàrákàt já Hikmat léèkánná pé kó dákẹ́. Hikmat wo Ṣẹ́gunfúnmi tó ń ká ẹní rẹ̀, ó bú sẹ́kún.

"Ẹ má lé wọn, sà. Èmi ni. Mo sá gbodo sórí sólà."

Fọlákẹ́ tó ń tún sólà ṣe gòkè, ó bá omi iṣu tó ti gbẹ funfun mọ́ ojú dígí.

Hikmat kúnlẹ̀ fún Ṣẹ́gunfúnmi. "Ẹ má bínú, sà."

"Dìde," ni ó wí. "Èmi tí mò ń rò pé ewúrẹ́ ló ń rìn lórí òrùlé!"

Iṣẹ́ ò bọ́ lọ́wọ́ ọlọ́dẹ. Àwọn ọmọ méjèèjì ló ń nu dígí ní Sátidé gbogbo títí wọ́n fi gba họlidé.

"Àǹtí," ni Hikmat bi Fọlákẹ́ níbi tí wọ́n ti ń nu ún, "bó bá gbóná sí i, ṣé iná á pọ̀ sí i ni?"

"Rárá o, dídín ló ń dín kù. Ìmọ́lẹ̀ ni dígí yìí ń jẹ, kì í jẹ ooru. Gbodo yín ló sì dí ìmọ́lẹ̀ náà lọ́nà."

"Haa! Ká ní mo ti béèrè!"

Ẹ̀yin ọmọ, ó dára kéèyàn fẹ́ mọ nǹkan. Àmọ́ ẹ béèrè kẹ́ ẹ tó dán an wò, torí abèèrè kì í ṣìnà. Bẹ́ ẹ bá sì ti ṣì í ṣe, ẹ tètè jẹ́wọ́, kí aláìṣẹ̀ má baà jẹ ìyà tó tọ́ sí yín.